Ṣé Yíyá Pánẹ́ẹ̀lì Oòrùn Lò Ń Dín Owó Iná Kù?

Kí ẹ̀yin ará Ìrèlè-Èkìtì tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti máa yá pánẹ́ẹ̀lì oòrùn lò, a rọ̀ yín kí ẹ ro owó iná mọ̀nàmọ́ná àti owó epo jẹnẹrétọ̀ oṣù kan pọ̀. Àfikún owó iná ti oṣù kẹrin ọdún 2024, tó sọ yúníìtì kan di ₦225, kan kìkì àwọn tí a ṣètò iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún. Níbi tí iná kò tó bẹ́ẹ̀, orí epo ni èrè pánẹ́ẹ̀lì ti sábà ń wá. Ilé tí kò ní jẹnẹrétọ̀ lè fi ìnáwó kún ìnáwó. Ẹ bèèrè pẹ̀lú: ta ni yóò pààrọ̀ bátìrì? Ṣé owó náà yóò máa lé sí i? Bí owó yíyá bá ju ohun tó dín kù lọ, ìmọ́lẹ̀ ni ẹ rà, ẹ kò tíì fi owó pamọ́.