Eré Ìje Ọ̀nà Oko: Iyì Ẹni Karùn-ún

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ eré ìje ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí ó ń wá sí ọkàn wa ni pápá tí a gé koríko rẹ̀, tí a fa ìlà funfun sí, àti ọmọ kan ṣoṣo tí ó fi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn, tí gbogbo ènìyàn sì ń pàtẹ́wọ́ fún. Ṣùgbọ́n irú eré ìje mìíràn wà tí a kì í sá lórí irú pápá bẹ́ẹ̀. Inú oko, etí igbó, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè àti ojú ẹrẹ̀ ni a ń sá a gbà. Èyí ni a ó máa pè ní eré ìje ọ̀nà oko. Ìtàn ìdíje rẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin ilé-ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a fẹ́ sọ lónìí, nítorí ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí ó kan àwọn ọmọ tiwa.

Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni eré yìí ti dìde. Láti 1880 ni Oxford àti Cambridge ti ń bá ara wọn díje nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, NCAA, ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe àkóso eré ìdárayá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, dá ìdíje tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1938 ní ìlú East Lansing, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Máìlì 4 ni wọ́n sá. Greg Rice ti Notre Dame ni ó ṣíwájú, ṣùgbọ́n Indiana ni ó borí láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Ogun àgbáyé kejì kò jẹ́ kí wọ́n sá a ní 1943. East Lansing náà ni wọ́n ń pàdé sí títí di 1964. Ní 1965 eré náà di máìlì 6. Ní 1976 ó di kìlómítà 10, tí ó ju máìlì 6 lọ díẹ̀. Àrùn Kòrónà sún ti ọdún 2020 sí oṣù kẹta ọdún 2021.

Báwo ni Notre Dame ṣe lè ní ẹni kìíní, kí Indiana sì borí? Ìdáhùn wà nínú bí wọ́n ti ń ṣe ìṣirò. Ọkùnrin 7 ni ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń mú wá. Nígbà tí eré bá parí, wọn a ro ipò àwọn 5 tí ó kọ́kọ́ dé nínú wọn pọ̀; ilé-ẹ̀kọ́ tí iye tirẹ̀ bá kéré jù lọ ni ó borí. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá gba ipò 1, 2, 3 àti 4, ṣùgbọ́n tí ẹni karùn-ún rẹ̀ dé ní ipò 150, iye rẹ̀ di 160. Bí òmíràn bá gba ipò 20, 22, 25, 28 àti 30, iye tirẹ̀ jẹ́ 125, òun ni yóò sì gba iyì ọjọ́ náà. Àwọn alájàpá wa mọ èyí tipẹ́tipẹ́: ọ̀wọ́ èrò kò tíì dé ọjà bí ẹni ìkẹyìn bá ṣì wà lójú ọ̀nà.

Ẹ wo Henry Rono, ọmọ Kenya tí ó wà ní Washington State. Ó ṣe ẹni kìíní ní 1976, 1977 àti 1979. Ní 1978, láàárín ọjọ́ 81 péré, ó borí àkọsílẹ̀ ayé nínú eré ìje 4 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Síbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò borí nínú ọ̀kankan nínú ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà. Kenya kò sì lọ sí Olympic ti 1976 àti ti 1980, nítorí náà Rono kò sá eré Olympic kankan títí ó fi kú ní 2024. Edward Cheserek, ọmọ Kenya bákan náà, ṣe ẹni kìíní fún Oregon ní 2013, 2014 àti 2015, òun sì ni ọkùnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún mẹ́ta léra wọn. Oregon kò borí rárá nínú ọdún mẹ́ta náà.

Yunifásítì ti Texas ní El Paso gba ọ̀nà mìíràn. Ó kó àwọn asáré jọ, púpọ̀ nínú wọn láti ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì borí ní ìgbà 7 láti 1969 títí di 1981. Àwọn kan ráhùn pé àlejò ni ó fi ń jagun. Ṣùgbọ́n ní 1981 iye rẹ̀ jẹ́ 17, nígbà tí ó jẹ́ pé 15 ni iye tí ó kéré jù lọ tí ènìyàn lè ní. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí iye rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdíje yìí.

Kí ni èyí kàn wá? A kò ṣe aláìní ilé-ẹ̀kọ́. Ní 1896 ni a dá St. Andrew's College sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Yunifásítì Ajayi Crowther wà níbẹ̀ pẹ̀lú, Yunifásítì Ladoke Akintola sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1990. Ìlú méjèèjì kò jìnnà sí ara wọn ju 30 máìlì àti díẹ̀ lọ. Ọ̀nà oko pọ̀ lẹ́yìn ìlú, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù kò dé, nítorí kò yẹ kí ọmọ ẹnikẹ́ni máa sáré lójú títì tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà. Eré yìí kò béèrè pápá olówó gọbọi.

Ohun tí ó kù ni kí a yí ìṣirò wa padà. Ní ọjọ́ ìdárayá, ẹni kìíní, ẹni kejì àti ẹni kẹta nìkan ni a ń pè síta; àwọn yòókù a gbé bàtà wọn, wọn a sì lọ sílé, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í padà wá mọ́. Bí àwọn olùkọ́ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ bá lè fi ìdíje ọ̀nà oko lélẹ̀ láàárín ara wọn, kí wọ́n sì máa ro ipò àwọn márùn-ún pọ̀, ọmọ tí kò yára yóò rí i pé gbogbo ènìyàn tí ó bá rékọjá, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ó jèrè rẹ̀. Ẹni tí ó yára pẹ̀lú yóò kọ́ láti bojú wẹ̀yìn, kí ó sì ran ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà ìmúrasílẹ̀. Igi kan kò lè dá igbó ṣe.