Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, Ẹran Arẹrù

Ẹ̀yin ọmọdé, ewúrẹ́ pọ̀ ní agbo ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè. Kí ni ìdí rẹ̀ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò fi wọ́pọ̀? Ilẹ̀ igbó ni tiwa. Eṣinṣin kan tí à ń pè ní tsetse máa ń gbé inú igbó. Bí ó bá ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran, ó lè kó àrùn ràn án. Àwọn ewúrẹ́ wa kúkúrú lè fara da àrùn yìí, ṣùgbọ́n ó lè pa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Kánò àti Sókótó ní Òkè Ọya. Níbẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ó ń bá ọ̀pọ̀ ìdílé àgbẹ̀ ru omi, igi ìdáná àti àpò ọkà. Àwọn ọmọ ilé a máa fún un ní koríko. Bí kò bá sí i, orí àwọn ọmọ náà ni ẹrù yóò wà.

Ewúrẹ́ a máa lóyún fún oṣù márùn-ún, ó sì lè bí ìbejì. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ a máa lóyún fún nǹkan bí ọdún kan, ọmọ kan ni ó sì sábà máa ń bí. Nítorí náà, bí a bá ń pa wọ́n lápajù, wọn kì í tètè pọ̀ padà. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n ń se awọ wọn láti fi ṣe oògùn, àwọn oníṣòwò sì ń wá a kiri Áfíríkà. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà pinnu pé kí á má pa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nítorí awọ fún ọdún 15.

Bí ẹ bá ń já ewé fún ewúrẹ́ yín, ẹ rántí àwọn ẹgbẹ́ yín ní Òkè Ọya. Ẹran tí ó ń bá ni ru ẹrù tó ohun tí à ń tọ́jú.