Ìdáhùn tó pẹ́ dé lè kó oníṣòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì sí gbèsè

Ìdáhùn tó dé kẹ́yìn sójú ìkànnì ìtajà lè má jẹ́ ti ìbéèrè tí oníbàárà béèrè kẹ́yìn. Bí ẹni tó ṣe ìkànnì náà kò bá ṣètò fún èyí, oníṣòwò ni yóò fara gbá a.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹni tó ń ta èlùbọ́ n'Ílọrà ṣe àpẹẹrẹ. Oníbàárà rẹ̀ ní kí wọ́n gbé ọjà wá sí Fìdítì, níbi tí owó ọkọ̀ jẹ́ ₦1,000. Kí iye náà tó yọjú, ó ti yí i padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí owó ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦4,000. Ìbéèrè méjì ti lọ nìyẹn. Nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í yá bákan náà nígbà gbogbo, ìdáhùn Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́kọ́ dé, ti Fìdítì wá dé lẹ́yìn, ó sì gba ipò rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ lọjà ń lọ, ₦1,000 ni oníbàárà san. ₦3,000 ti wọgbó.

Ó dà bí ìgbà téèyàn rán ọmọ méjì níṣẹ́: ẹni tó kọ́kọ́ jáde lè má kọ́kọ́ padà dé.

Ọgbọ́n tí Jesse James Garrett sọ ní Ajax lọ́dún 2005 ló jẹ́ kí ìkànnì máa béèrè nǹkan lábẹ́lẹ̀ láìdá oníbàárà dúró. Ó mú kí iṣẹ́ yá, àmọ́ ibẹ̀ náà ni wàhálà yìí ti ń wọlé.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Kí ìkànnì fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ó sì da ìdáhùn tí kì í bá ṣe ti nọ́ńbà ìkẹyìn nù. Ó tún lè fagi lé ìbéèrè àtijọ́ bí tuntun bá ti jáde. Ní àfikún, kí kọ̀ǹpútà tó ń gba àṣẹ ọjà tún owó náà ṣírò fúnra rẹ̀ kí oníbàárà tó sanwó.

Ti owó sísan yàtọ̀ o. Fífagi lé ìbéèrè kò dá owó tó ti kúrò ní báńkì padà. Kí ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí oníṣòwò sì fi í ṣèwádìí kí ó tó ní kí oníbàárà tún san.

Kí ẹ tó san owó iṣẹ́ fún ẹni tó ṣe ìkànnì yín, ẹ ní kó mọ̀ọ́mọ̀ dá ìdáhùn Fìdítì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹ yan Fìdítì, kí ẹ sì yára yan Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ₦1,000 bá yọjú nígbẹ̀yìn, iṣẹ́ kò tíì parí.