Ojú àti ẹsẹ̀ aláboyún wú? Ẹ má kàn sọ pé ìbejì ni o

Ẹ̀yin èèyàn mi, oyún ìyàwó àbúrò mi ti pé oṣù méje ní Tẹ̀dé níbí nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí ojú rẹ̀ náà wú. Àwọn ìyá wa ní, "Ìbejì ló ń bọ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kẹta, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ó ní ojú òun ń ṣú. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá 160, púrótéènì sì wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ìyá yè, ọmọ yè. Ọmọ kan ṣoṣo ni.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wádìí ohun tó ń fà á.

Ẹ́ńsáìmù kan wà tí wọ́n ń pè ní corin. Iṣẹ́ àlùmọ́gàjí ló ń ṣe: ó ń gé púrótéènì kan kí apá tó wúlò, ìyẹn ANP, lè jáde. ANP yìí ló ń bá wa mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Jíìnì corin, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí ara fi ń ṣe é, wà káàkiri ara wa, àmọ́ ọkàn ló ń lò ó jù. Bí obìnrin bá lóyún, ilé ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ lè fẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa dé ọ̀dọ̀ ọmọ dáadáa.

Ní 2012, ìwé ìròyìn Nature gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn eku tí ilé ọmọ wọn kò ní corin. Ìgbà tí wọ́n lóyún ni ẹ̀jẹ̀ wọn ru, tí púrótéènì sì jáde nínú ìtọ̀ wọn. Corin tún dín kù nínú ilé ọmọ àwọn obìnrin tó ní àìsàn náà. Òun nìkan kọ́ ló ń fà á o, àmọ́ ó wà lára rẹ̀.

Ẹ rí i pé kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀bi aláboyún.

Ẹsẹ̀ wíwú lásán lè má jẹ́ nǹkan kan. Àmọ́ tí ojú bá wú, tí orí ń fọ́, tí ojú ń ṣú, ẹ má dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé 140/90, ọ̀rọ̀ dókítà ni, kì í ṣe ti àgbo. Abẹ́rẹ́ magnesium sulphate wà: ìwádìí Magpie ti 2002 fi hàn pé ó ń dín gìrì aláboyún kù ju ìdajì lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tètè dé ilé ìwòsàn ló máa rí i gbà.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn ìyá wa.