Owó-oṣù nìkan kọ́ ni kóòṣì Super Eagles ń ná wa

Àwọn tó ń ta ẹja yìnyín ní Ìjọra mọ ìtumọ̀ dọ́là dáadáa. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú ẹja tí wọ́n ń kó sí kóòlùrúùmù ti wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, náírà sì ni oníbàárà ń mú wá. Bí náírà bá já láàárọ̀, èrè ti lọ kó tó dọ̀sán. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ gan-an ni kóòṣì òyìnbó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń jiyàn ẹni tó yẹ kó kọ́ Super Eagles, láti Ìjọra títí dé ẹnu géètì pápá ìṣeré Sùúrùlérè, ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù jù ni wọ́n ń wí. Ọ̀rọ̀ owó kì í jáde àfi tí gbèsè bá dé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lọ́dún 2022 tí àjọ NFF gba José Peseiro, ọmọ ilẹ̀ Pọtogí, ìròyìn gbé e pé 70,000 dọ́là lóṣù ni wọ́n kọ́kọ́ sọ, kí wọ́n tó gé e sí 50,000. Ẹ fi 50,000 yẹn ṣírò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, ọdún 2023, tí ìjọba ṣì ń ṣẹ́ dọ́là ní nǹkan bíi 460 náírà, mílíọ̀nù 23 náírà ni. Nígbà tí Peseiro fi máa lọ ní oṣù kẹta, ọdún 2024, dọ́là ti lé ní 1,500, iye yẹn sì ti kọjá mílíọ̀nù 75. Kóòṣì kan náà, iṣẹ́ kan náà.

Lílé kóòṣì náà tún lówó tiẹ̀. Gernot Rohr, ará Jámánì, lo ọdún márùn-ún àti oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó dá a dúró ní oṣù kejìlá, ọdún 2021, nígbà tí ife ilẹ̀ Áfíríkà ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó gba FIFA lọ, FIFA sì ní kí NFF san ohun tó lé ní 377,000 dọ́là fún un. Owó ẹni tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ nìyẹn o. Ní oṣù kẹta, ọdún 2022, Ghana gbá ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú wa l'Abuja, ó sì gba tíkẹ́ẹ̀tì ife àgbáyé lọ. Orílẹ̀-èdè tó kéré jù ní Qatar gba mílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Bruno Labbadia. Ní ìparí oṣù kẹjọ, ọdún 2024, NFF kéde rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi ní òun ò ṣe mọ́. NFF ṣàlàyé pé ìjọba Jámánì yóò gba owó-orí tó tó ìdá 32 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá gbà. Ẹni tó bá ti gba ilé l'Ékòó mọ̀ ọ́n: wọ́n á dárúkọ owó ilé, ẹ ò ní gbọ́ ti àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù àfi lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kẹ́rù wọlé. Ṣé ó yẹ kí wọ́n kéde kóòṣì kí wọ́n tó mọ ẹni tó máa san owó-orí?

Àwọn kan ní ká gba ọmọ ilé, pé wọn ò wọ́n. Òótọ́ ni pé Stephen Keshi gba ife Áfíríkà fún wa lọ́dún 2013. Shaibu Amodu gba tíkẹ́ẹ̀tì ife àgbáyé 2002 àti ti 2010, ṣùgbọ́n Adégbóyè Onígbìndé àti Lars Lagerbäck ni wọ́n rán lọ gbá a. Sunday Oliseh fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kejì, ọdún 2016, ó sì ka owó tí wọn ò san mọ́ ara ìdí tó fi lọ. Ọjà tí ẹ rà láwìn tí ẹ ò san kò tíì pọ́n yín lówó, gbèsè ni.

Éric Chelle ni wọ́n gbà ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ní Morocco, àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ̀ láti jáde fún ìgbáradì nítorí àjẹmọ́nú tí wọ́n jẹ wọ́n. Wọ́n na Gabon 4-1, àmọ́ DR Congo fi pẹnáritì lé wa kúrò lọ́nà ife àgbáyé 2026. Kò sí kóòṣì tó lè fi ọgbọ́n bọ́ọ̀lù san irú gbèsè yẹn. Onílé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Ìjọra, ẹni tó ń ta ata ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti ẹni tó ń ta jẹ́sì aláwọ̀ ewé, gbogbo wọn ló pàdánù ọjà ife àgbáyé méjì tẹ̀léra.