Káàdì olówó ńlá tí gémù àtijọ́ kò bèèrè

Ọjọ́ Sátidé kan ni àbúrò mi gun ọ̀kadà láti Ọ̀kà wá bá mi n'Ìkàrẹ́, tó gbá páálí kékeré kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ẹyin. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n dáhùn ìkíni rẹ̀ tán.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ó ń ṣiṣẹ́, kò ṣiṣẹ́, kò yé mi mọ́."

Káàdì graphics ló wà nínú páálí yẹn. Wọ́n kọ GTX 1050 Ti, 4GB, sí i lára gàdàgbà. Búlọ́ọ̀kù tó rù ní sáìtì nígbà ọlidé ló fi kó owó ẹ̀ jọ. Ẹnì kan tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló fi ránṣẹ́ sí i láti Èkó, ọmọ náà sì ti sanwó tán kí ọjà tó gbéra.

Mo ki káàdì ọ̀hún sínú kọ̀ǹpútà mi. Àwòrán jáde, inú ẹ̀ dùn. A ṣí gémù kan tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, ojú kọ̀ǹpútà sì dúdú lójijì. Ìgbà náà ni mo ṣí GPU-Z, ètò ọ̀fẹ́ kékeré kan tó máa ń sọ ohun tó wà nínú káàdì gan-an. Láti ọdún 2018 ló ti ń tú àṣírí àwọn ayédèrú káàdì NVIDIA. Ó kọ ọ́ síwájú wa pé ayédèrú ni. GTS 450 ni wọ́n gbé fún un, káàdì ọdún 2010. Wọ́n kàn yí ọ̀rọ̀ tó wà nínú BIOS rẹ̀ padà ni, kí Windows lè máa pè é lórúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀. A pe ẹni tó tà á. Ó ti dí nọ́ńbà wa pa.

Kí n tó bínú dé ibi tó yẹ, mo bi í pé gémù wo gan-an ló fẹ́ máa gbá. Ó ní òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun n'Ìwárọ̀ ń gbá PES 6, àti GTA San Andreas. Mo ní háà! Ṣé torí ìyẹn lo ṣe ru búlọ́ọ̀kù?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. San Andreas dé orí kọ̀ǹpútà ní 2005. Ohun tó kéré jù tó ń bèèrè ni Pentium III tó ń sáré 1GHz, RAM 256MB, àti káàdì graphics 64MB. Vice City tó ṣáájú ẹ̀ ní 2003 kò bèèrè ju RAM 128MB lọ. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín báyìí ju gbogbo ìyẹn lọ fíìfíì. PES 6 jáde ní 2006, nígbà tí Adriano ti Inter bá ta bọ́ọ̀lù, tí gólì kíípà á fi kàn máa wòye. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ kan, irú Dell OptiPlex 7010 ti ọdún 2012 tó ní i5 nínú, á gbé gbogbo wọn láìfi káàdì kankan kún un, torí graphics ti wà nínú i5 yẹn fúnra ẹ̀.

Wàhálà gémù àtijọ́ kì í ṣe ti agbára rárá. Àìgbọ́ra-ẹni-yé ni. Ọ̀pọ̀ gémù orí síídì ìgbà yẹn ló ní ẹ̀ṣọ́ kan tí wọ́n ń pè ní SafeDisc, tó máa ń yẹ síídì wò bóyá ojúlówó ni. Microsoft rí i pé ihò táwọn ọ̀daràn lè gbà wọlé ni, Windows 10 kò sì gbà á láàyè láti 2015. Ẹni tó fi owó ẹ̀ ra ojúlówó ni gémù ẹ̀ wá kọ̀ tí kò ṣí. (Àwa tá a fi fláàṣì gba tiwa lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, fáírọ́ọ̀sì la gbà mọ́ ọn, ká má parọ́.) Àwọn gémù tó tún dàgbà jùyẹn, tí wọ́n kọ fún 16-bit, Windows 64-bit kò lè ṣí wọn rárá. Tí wọ́n bá jẹ́ ti DOS, DOSBox ni ẹ ó wá, ọ̀fẹ́ ni.

San Andreas náà ní tiẹ̀. Nǹkan kan wà nínú sẹ́tìn ẹ̀ tó ń jẹ́ Frame Limiter. Àwọn ọ̀dọ́ á pa á, wọ́n á ní káàdì àwọn lágbára. Tí ẹ bá pa á lórí kọ̀ǹpútà tó yára, mọ́tò á máa ṣe ségesège, CJ kò sì ní lè lúwẹ̀ẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹ ṣì fẹ́ káàdì, ẹ wo àpótí kọ̀ǹpútà yín kí ẹ tó wo àpò yín. OptiPlex pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní SFF kò gba káàdì gíga, kúkúrú ni ẹ ó rà fún un. GT 1030 wọ inú ẹ̀, wáàtì 30 péré ló ń jẹ, kò sì nílò wáyà iná ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà yẹn. Èyí tó ní GDDR5 dáa. Èyí tó ní DDR4, tó dé ní 2018, lọ́ra jù ú lọ jìnnà, ẹni tó ń tà á kò sì ní sọ fún yín. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ síbi tí wọ́n á ti tan kọ̀ǹpútà níwájú yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé láti Àkókó dé ọjà kọ̀ǹpútà n'Íkẹjà kì í ṣe ìrìn kékeré. Owó ọkọ̀ náà ṣì kéré sí ohun tí àbúrò mi pàdánù.

Lójú tèmi, SSD ló yẹ kó ṣáájú káàdì, UPS ló sì yẹ kó tẹ̀ lé e. Iná lè lọ nígbàkigbà níbí. Háàdì dísìkì àtijọ́ tí iná bá já mọ́ nígbà tó ń kọ nǹkan lè bàjẹ́ títí láé. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ta ló tún fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ tìtorí bọ́ọ̀lù inú kọ̀ǹpútà? 1050 Ti tòótọ́ ń jẹ wáàtì 75. Tí ẹ bá fi jẹnẹrétọ̀ kékeré "I better pass my neighbour" gbé e pẹ̀lú fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó gbọ́ bí ohùn ẹ̀ ṣe máa yí padà.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi pamọ́. Irú OptiPlex yìí kò sí lára àwọn tí Windows 11 gbà, Microsoft sì ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró láti October 14, 2025. Torí náà, ẹ má lọ fi í ṣe kọ̀ǹpútà tí ẹ ó máa fi wọ àkáǹtì báǹkì.

Lọ́sẹ̀ méjì sí i, èmi náà gun ọ̀kadà gba Àkùngbá kọjá lọ sí Ọ̀kà. A ti yọ ayédèrú yẹn kúrò, mo sì mú SSD àtijọ́ kan tí mi ò lò mọ́ dání fún un, pẹ̀lú UPS kan tí mo pààrọ̀ bátìrì ẹ̀. A ṣí PES 6. Ó mú Inter, mo mú Arsenal. Góòlù méjì sí ọ̀kan ló fi ń nà mí nígbà tí iná lọ. UPS bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò kú. Ọmọ náà kò tiẹ̀ gbójú sókè. Adriano tún ta ọ̀kan wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yára, a ò mọ ìgbà tí bátìrì yìí máa tán."