Òṣòdì Tápà: Balógun Ojú Omi tí ó Yà Lọ́nà fún Ọba

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí a bá lé ni tí a kò bá ni, ìwọ̀n ni à ń bá ni ṣọ̀tá mọ. Kí ni kí a wá wí nípa ẹni tí ó ká ọ̀tá mọ́, tí ó sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó kọjá? Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀sà Èkó ní ọdún 1845. Ẹni tí ó ṣe é ni Òṣòdì Tápà, balógun Kòsọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa ará Ọ̀fàdà, Mowe àti Ìbàfò pẹ̀lú, nítorí pé Odò Ògùn tí ó ń ṣàn nítòsí wa ni ọ̀nà omi láti Èkó sí Abẹ́òkúta kí rélùwéè tó dé. Ẹnu ọ̀nà náà gan-an ni ọ̀ràn yìí ti ṣẹ̀.

Tápà kì í ṣe ọmọ Èkó. Orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ilẹ̀ Nupe, tí Yorùbá ń pè ní Tápà, ni ó ti wá. Ọmọdé ni nígbà tí ó dé ààfin Ọba Òṣìnlókun, ẹrú ọba ni a sì kà á sí. Ìtàn sọ fún wa pé ọba fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Bùràsílì pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Pọtogí. Ó gbọ́ èdè wọn, ó mọ ọ̀nà òwò wọn. Nígbà tí ó padà dé, ó ń bá ọba gba owó ibodè, ọlá dé, oyè sì tẹ̀ lé e. Kò yẹ kí a bo òtítọ́ mọ́lẹ̀: òwò ẹrú ni ó sọ èbúté Èkó di ọlọ́rọ̀ ní ìgbà náà, Tápà sì jẹ nínú rẹ̀.

Kí ẹni tí kò gbé etí omi má ṣe rò pé iṣẹ́ kékeré ni láti darí ọkọ̀ ogun lójú ọ̀sà. Omi náà kò jìn ní ibi púpọ̀. Balógun ní láti mọ ibi tí ìdí ọkọ̀ yóò ti kan iyanrìn, ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tí ó ń fà, àti ẹnu odò tí a lè lúgọ sí de ọ̀tá. Ẹni tí ó bá mọ gbogbo èyí ni ó mọ ọ̀nà tí ọ̀tá lè gbà sá.

Ní ọdún 1841 ni Akítóyè gun orí ìtẹ́ Èkó. Kòsọ́kọ́, ọmọ Òṣìnlókun, ń fẹ́ ìtẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ni Akítóyè í ṣe. Ní 1845 ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ogun Olómìrò. Wọ́n dó ti ààfin fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí kò sí ọ̀nà mọ́, Akítóyè bọ́ sínú ọkọ̀, ó dorí kọ Agbóyi, níbi tí a ti ń wọ Odò Ògùn. Tápà ni ó ń ṣọ́ ojú omi fún Kòsọ́kọ́. Ó jẹ́ kí ọba kọjá. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ bi í, ó dáhùn pé oògùn Akítóyè ni ó mú òun àti àwọn ènìyàn òun.

Ẹni tí ó bá mọ àṣà yóò mọ ohun tí èsì yìí bò mọ́ra. Ọmọ ilé ọba tí ó tọ́ ọ dàgbà ni Akítóyè. Bí ẹrú ààfin bá gbé idà lé ọrùn ọmọ ọba, ta ni yóò fọ ẹ̀jẹ̀ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀? Oògùn ni ó fi dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè jiyàn oògùn ní ààfin.

Ṣùgbọ́n àánú náà ná wọn ní Èkó. Kòsọ́kọ́ ní kí àwọn Ẹ̀gbá gé orí Akítóyè fún òun, wọ́n kọ̀. Akítóyè ti Abẹ́òkúta lọ sí Àgbádárìgì, ó sì bẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún ìrànlọ́wọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851 àgbá wọn dún lórí Èkó, Kòsọ́kọ́ àti Tápà sì sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn ènìyàn wọn. Ní oṣù Kẹjọ 1853 ọkọ̀ ogun ti Ẹ̀pẹ́ wá kọlu Èkó, wọn kò rí i gbà.

Ǹjẹ́ Tápà ṣìṣe? Àwọn kan lè sọ bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi yàtọ̀. Ogun abẹ́lé kì í ṣe ogun àjòjì. Ẹni tí a lé lónìí, ọmọ rẹ̀ ni a óò bá pàdé lọ́la. Ní 1862, nígbà tí Dòsùnmú ọmọ Akítóyè wà lórí oyè, tí Èkó sì ti bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti 1861, Kòsọ́kọ́ àti Tápà padà wálé. Ẹ̀jẹ̀ bàbá Dòsùnmú kò sí lọ́wọ́ Tápà. Ó tẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ dó sí ibi tí a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ní agbo ilé mọ́kànlélógún.

Tápà kú ní 1868. Ìdílé rẹ̀ àti àwọn ọmọ àwọn tí ó kó wá fà á lórí ilẹ̀ náà títí ẹjọ́ fi dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀n ní 1930, ìjọba sì ṣòfin lórí ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní 1947. Ibẹ̀ náà ni Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ti kéde ara rẹ̀ ní Ààrẹ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 1994.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó ń wọkọ̀ láti Mowe lọ sí Òṣòdì tí kò mọ̀ pé oyè balógun yìí ni wọ́n ń dárúkọ fún awakọ̀. Ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn, rere àti búburú rẹ̀. Ẹ sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọn ì bá ṣe lọ́jọ́ náà ní ẹnu ọ̀nà Agbóyi.